Bí mo ṣe ṣírò omi odò kan de ọdún 30 sí iwájú

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n wò ó bóyá omi odò kan yóò ṣì ká àwọn ìlú, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń lò ó tí ọdún 30 bá kọjá. Máàpù ni mo kọ́kọ́ tẹ́. Mo fa ìlà yí gbogbo ilẹ̀ tí àgbàrá rẹ̀ ń ṣàn sínú odò náà ká. Góńgó òkè ló ń pààlà omi, kì í ṣe ìjọba.

Òjò mìlímítà 1 péré lórí ilẹ̀ kìlómítà 1 níbùú, kìlómítà 1 lóròó, jẹ́ lítà mílíọ̀nù 1, àmọ́ oòrùn àti ewéko máa ń gba púpọ̀ nínú rẹ̀ kó tó dé odò. Nítorí náà, omi tó ń kọjá nínú odò fúnra rẹ̀, lóṣooṣù, ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù, torí ọ̀rọ̀ odò Colorado ní Amẹ́ríkà kò kúrò lọ́kàn mi. Ní 1922, aṣojú ìpínlẹ̀ 7 jókòó, wọ́n pín omi náà láàárín apá òkè àti apá ìsàlẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n gbé e lé bọ́ sí àwọn ọdún tí omi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1944, ìjọba Amẹ́ríkà tún ṣèlérí omi odò náà fún Mẹ́síkò. Omi orí ìwé wá ju omi inú odò lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi lo ìpíndọ́gba nìkan: mo mú ọ̀wọ́ ọdún tí ọ̀dá le jù nínú àkọsílẹ̀, mo sì jẹ́ kó dé lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ti ìlú yá: iye ènìyàn ní ìlọ́po lítà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò, kí a fi èyí tí páìpù ń jò dànù kún un. Oko ló gba ọgbọ́n. Kárí ayé, nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 omi tí kò níyọ̀ tí ènìyàn ń fà lò ló ń lọ síbẹ̀. Omi ìlú máa ń padà sódò, ẹni tó wà nísàlẹ̀ á tún lò ó. Ọ̀pọ̀ omi oko, ewé á mu ún, oòrùn á gbà á, ó lọ nìyẹn. Mo wá kọ ọ́ sí ọ̀nà méjì: èyí tí wọ́n fà, àti èyí tí kò padà mọ́. Ti odò fúnra rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀, torí ẹja kò ní ibòmíràn tí yóò sá lọ.

Ọ̀la mélòó kan ni mo kọ sílẹ̀: èyí tí èrò pọ̀ kíákíá, èyí tí òjò dín kù, èyí tí ooru mú kí irúgbìn túbọ̀ máa mumi, àti èyí tí gbogbo wọn dé pọ̀. Tí a bá ro ọdún pọ̀, omi tó nínú ọ̀pọ̀ jù wọn. Lóṣooṣù ni ọ̀rọ̀ yí padà: ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ oko jù, ni odò kéré jù. Dáàmù lè gbé omi pamọ́ de ìgbà náà, ṣùgbọ́n oòrùn ń gba tirẹ̀ lójú adágún. Dídí páìpù tó ń jò àti kíkán omi sídìí irúgbìn ni mo kọ síwájú. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́, mo sàmì sí oṣù tí omi kò ti ní tó, mo sì ní kí wọ́n fẹnu kò báyìí, kí ọ̀dá tó dé, lórí iye tí oníkálukú yóò gé kù.