Ẹ mú àwọn ọmọ jáde lọ wọn òjìji

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn. Àgbàlá ilé ìwé wa ní àwọn abúlé Kétu ní ilẹ̀ Benin yìí fẹ̀ dáadáa, eré nìkan la sì ń fi í ṣe.

Ẹ gbìyànjú èyí pẹ̀lú àwọn ọmọ CM1 (ọdún karùn-ún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀), kí wọ́n lè fi òjìji mọ gíga ọ̀pẹ. Ẹ ri igi kan mọ́lẹ̀ níbi tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán, kí mítà 1 géérégé yọ sókè. Láàárọ̀, òjìji rẹ̀ á gùn ju igi náà lọ. Kí àwọn ọmọ máa wọ̀n ọ́n lóòrèkóòrè. Tí òjìji bá ti di mítà 1 gẹ́lẹ́, bíi aago 10 lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n sáré lọ wọn òjìji ọ̀pẹ, láti ìdí rẹ̀ dé ṣóńṣó. Iye yẹn náà ni gíga ọ̀pẹ, nítorí pé lákòókò yẹn, òjìji ọ̀pẹ náà gùn tó gíga rẹ̀ bíi ti igi wa. (Ẹ má lo máńgòrò, ẹ̀ka rẹ̀ fẹ̀ jù.)

Ọmọbìnrin kan wà tí kì í lanu rárá ní kíláàsì mi. Òun ló di etí okùn mú lọ́jọ́ náà, ó kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀, ó pariwo pé: “Olùkọ́, mítà 9 ni!” Inú mi dùn débi pé n kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbá ibẹ̀ nítorí ejò, kí omi mímu wà nítòsí, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ oòrùn. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá ná, kí wọ́n tó kọ ọ́ ní Faransé sínú ìwé.