Bí Mo Ṣe Kọ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Mi Láti Wádìí Ìgbé Ayé Àtijọ́ Nínú Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ìtàn kan àwọn ìran tí kò fi àkọsílẹ̀ kankan sílẹ̀, mo pinnu pé a kò ní ṣí ìwé ìtàn rárá títí a ó fi ti ara àwọn ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe mọ ohun tí a bá lè mọ̀. Ohun tí mo ń wá ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ya ohun tí ojú wọn rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ọkàn wọn fi kún un, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àlàyé nípa àwọn ará àtijọ́ ti ń wọ́.

Mo gbé àwòrán àáké kan sí iwájú wọn láìsọ ibi tí ó ti wá, mo sì ní kí olúkúlùkù fa ilà sí àárín ojú ìwé rẹ̀, kí ó kọ ohun tí ó rí sí apá kan, kí ó sì kọ ohun tí ó rò sí apá kejì. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kọ “àáké ọba” sí abẹ́ ohun tí ó rí. Mo bi í pé níbo ni ó ti rí ọba nínú àwòrán náà. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ẹnu àáké pẹlẹbẹ kan, igi ìdìmú tí ó tẹ̀ lórí, àti awọ tí wọ́n fi dì í. Kíkó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti apá kan lọ sí èkejì ni ó gba àkókò wa jù, ó sì nira jù lọ fún àwọn tí ó máa ń yára dáhùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo tó sọ fún wọn pé bàbà ni àáké náà, àti pé ẹ̀gbẹ́ òkú ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ötzi ni wọ́n ti rí i. Inú yìnyín lórí òkè Alps, ní ẹnu ààlà Ítálì àti Ọ́síríà, ni wọ́n ti rí òkú náà ní ọdún 1991, ó sì ti tó nǹkan bí 5,300 ọdún sẹ́yìn tí ọkùnrin yìí gbé ayé. Mo wá ń mú àwọn ẹrù rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: bàtà tí wọ́n ki koríko sí, ohun ìkẹ́rù tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, ọrun tí wọn kò tíì gbẹ́ tán, àti apó tí ọfà 14 wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí 2 péré ṣeé ta. Ọrun náà ni ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Kí ni ẹnì kan ń wá lórí òkè gíga pẹ̀lú ohun ìjà tí kò tíì parí? Àwọn kan ní ó ń sá fún ọ̀tá, àwọn mìíràn ní ọrun rẹ̀ àtijọ́ ló ṣẹ́ lọ́nà. N kò dá ẹnikẹ́ni láre. Mo kàn ń béèrè pé ẹ̀rí wo, bí a bá rí i, ni yóò bi àlàyé wọn wó.

Mo fi èyí ṣe ọ̀nà dé ọdún 2001, nígbà tí àwòrán X-ray fi hàn pé ẹnu ọfà olókùúta wà ní èjìká òsì Ötzi, lẹ́yìn tí òkú náà ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Ní ọdún 2017 ni ìwádìí mìíràn tún sọ pé Tuscany, àgbègbè kan ní Ítálì tí ó jìnnà gan-an sí ibẹ̀, ni bàbà àáké náà ti wá. Kíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sí abẹ́ ohun tí wọ́n rí pé Ötzi rìn dé Tuscany. Mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí apá kejì, nítorí bàbà lè ti ọwọ́ dé ọwọ́ láìjẹ́ pé ẹni tí ó lò ó kẹ́yìn kúrò ní àgbègbè rẹ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀ràn Leo Frobenius, ará Jámánì, sí ìkẹyìn. Nígbà tí ó rí orí idẹ àti àwọn ère amọ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910, ó parí èrò sí pé ìyókù àṣà Atlantis ni wọ́n, ìyẹn erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ tí wọ́n ní ó rì sínú òkun. A pín àlàyé rẹ̀ sí apá méjèèjì. Ní apá ohun tí ó rí, a kọ ojú tí ó jọ ti ènìyàn gidi àti idẹ tí wọ́n dà pẹ̀lú ọgbọ́n. A kò rí ohunkóhun kọ níbẹ̀ tí ó kan Atlantis. Ní ọdún 1938, àwọn tí ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ hú àwọn orí idẹ mìíràn jáde nínú ilẹ̀ Ifẹ̀ kan náà, èyí tí ó tọ́ka sí Ifẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe Atlantis. Mo rò pé ẹ̀kọ́ yìí wọ̀ wọ́n lára ju ti Ötzi lọ, torí ó fi ojú tí ẹni tí ń ṣe àlàyé fi ń wo nǹkan hàn kedere.

Fún ìdánwò, olúkúlùkù mú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan, ó sì kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀. Mo ní kí ó sọ ibi tí wọ́n ti rí i àti ohun tí ó wà nítòsí rẹ̀, kí ó sì fi gbólóhùn kan sọ ẹ̀rí tí yóò mú kí ó yí èrò rẹ̀ padà. Gbólóhùn yẹn ni mo fún ní máàkì tí ó pọ̀ jù.