Kọ̀ǹpútà Linux tó ń dákú: àwọn àṣìṣe tó ń sọ àìsàn kékeré dòfò

Fáìlì kan lẹ fẹ́ ṣí. Atọ́ka máúsì ṣì ń rìn, àmọ́ kò sóhun tí ẹ tẹ̀ tó dáhùn, iná kékeré tó ń fi iṣẹ́ dísìkì hàn sì tàn kalẹ̀ láì ṣẹ́jú. Bí ìdajì ìṣẹ́jú bá kọjá, iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń wá fláàṣì, wọ́n á fọ́máàtì dísìkì, wọ́n á kó Linux tuntun sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é.

Ìdajì ìṣẹ́jú yẹn ní ìtumọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni kernel (ọkàn Linux, tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀) máa ń fún dísìkì SATA (èyí tó ń gba wáyà SATA) láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, kernel á já ìsopọ̀ rẹ̀, á tún un so, á sì tún béèrè. Iye náà wà nínú /sys/block/sda/device/timeout (sda ni orúkọ tí Linux sábà máa ń fún dísìkì àkọ́kọ́). Ẹ lè fi cat wò ó. Gbogbo bó ṣe ń lọ ni kernel ń kọ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ yẹn gan-an sì ni fọ́máàtì ń pa rẹ́. Bó bá jẹ́ wáyà ló bàjẹ́, Linux tuntun náà á máa dákú. Bó bá jẹ́ dísìkì ló ń kú lọ, ẹ ti gbé ẹrù lé aláìsàn lórí, fáìlì yín sì ti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí kernel kọ:

sudo dmesg -T | grep -iE 'ata[0-9]|nvme|I/O error|mce'

Bí kọ̀ǹpútà bá ti kú pátápátá tí ẹ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tàn, sudo journalctl -k -b -1 ló máa fi ọ̀rọ̀ tí kernel sọ kó tó kú hàn yín. Bó bá ní kò sí, á jẹ́ pé orí ráàmù nìkan ló ń kọ ọ́ sí. Ẹ ṣe sudo mkdir -p /var/log/journal, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn. Láti ìgbà náà lọ, á máa pa á mọ́. Irú ìlà tí ẹ ń wá rèé:

ata1.00: failed command: READ FPDMA QUEUED
ata1: hard resetting link
ata1: limiting SATA link speed to 1.5 Gbps

Ìlà kẹta yẹn ń sọ fún yín pé kernel ti dín eré ìsopọ̀ náà kù nítorí pé kò gbẹ́kẹ̀ lé e mọ́. Ẹni tí kò kà á á máa sọ pé dísìkì òun "kàn ń falẹ̀" ni.

Àṣìṣe míì ni kí ọ̀rọ̀ PASSED fi ọkàn yín balẹ̀. Ẹ fi sudo smartctl -a /dev/sda yẹ dísìkì wò (inú smartmontools ló wà), PASSED jáde, ó parí. Kò parí o. Ohun tó túmọ̀ sí kò ju pé dísìkì kò tíì kọjá ààlà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fún un. Dísìkì tó ti ń sọ fáìlì nù ṣì lè máa kọ PASSED. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò, lábẹ́ RAW_VALUE. Ìlà tí nọ́ńbà ID rẹ̀ jẹ́ 5 ni iye ibi tí dísìkì ti pa tì tó sì ti fi ibòmíì rọ́pò. Ìlà 197 ni iye ibi tó ṣòro kà tí kò tíì mọ ohun tó máa fi ṣe. Ìlà 199 ní tirẹ̀ kì í sọ ti ojú dísìkì rárá, ti ọ̀nà ló ń sọ: ohun tó ń gba wáyà kọjá ń dàrú kó tó débi tó ń lọ. Lára NVMe (irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí, tí kì í sì gba wáyà SATA), Media and Data Integrity Errors ni kí ẹ wá.

Nítorí náà, bí 199 bá ń gòkè tí 5 àti 197 sì wà ní 0, owó dísìkì tuntun tí ẹ fẹ́ ná, òfò ni. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ pààrọ̀ wáyà SATA, kí ẹ sì kì í bọ ihò míì. 199 kì í padà sí 0, torí náà ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí kò bá gòkè mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wáyà tàbí ihò ló ń dà á láàmú. Ẹni tó bá ra dísìkì tòkunbọ̀ kó wo ìlà 9 pẹ̀lú, iye wákàtí tó ti ṣiṣẹ́. Wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan. 35,000 túmọ̀ sí bí ọdún mẹ́rin láìsinmi.

Èyí tó ń dùn mí jù ni fsck, àṣẹ tó ń tún ètò fáìlì tó dàrú ṣe. Ẹ má ṣe fi fsck tún ibi tí Linux ń lò lọ́wọ́ ṣe láé: àwọn méjì á máa kọ sójú kan náà láìmọ̀ nípa ara wọn. Bí 197 bá sì ti ju 0 lọ, ẹ má fi fsck kan dísìkì náà rárá, kódà bí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó. Ṣe ni fsck ń kọ nǹkan tuntun sórí ohun tó ń jẹrà. Àdàkọ ló ṣáájú. Ẹ fi fláàṣì Linux tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi ddrescue (gddrescue lorúkọ rẹ̀ nínú Ubuntu àti Debian) kó gbogbo rẹ̀ sórí dísìkì míì tó láàyè jù ú lọ (níbí, /mnt/ita ni ibi tí a so dísìkì míì náà mọ́):

sudo ddrescue -d -n /dev/sda /mnt/ita/sda.img /mnt/ita/sda.map
sudo ddrescue -d -r3 /dev/sda /mnt/ita/sda.img /mnt/ita/sda.map

Àkọ́kọ́ ń kó ibi tó rọrùn, kò dúró jìjàkadì. Èkejì ń padà síbi tó le lẹ́ẹ̀mẹta. Fáìlì .map yẹn ni ẹ kò gbọdọ̀ fo: bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Kí ẹ tó tẹ Enter, ẹ fi lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL dá dísìkì mọ̀. Bí ẹ bá fi èyí tó ń ṣàìsàn sípò tuntun, òfo lẹ máa kó. Àdàkọ ni kí ẹ wá fi fsck tún ṣe.

Ráàmù tún lè fara pa mọ́ sẹ́yìn dísìkì. Ẹ ṣírò sha256sum fáìlì ńlá kan, ẹ fi echo 3 | sudo tee /proc/sys/vm/drop_caches nu ohun tí ráàmù rántí, kí ẹ tún un ṣírò. Bí èsì méjèèjì kò bá dọ́gba, ráàmù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ jẹ́ kí Memtest86+ ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ìgbà kan kò tó, àṣìṣe kan ṣoṣo sì ti pọ̀ jù. Ẹ pa XMP (ètò tó ń mú ráàmù sáré ju bó ṣe yẹ lọ) nínú BIOS, kí ẹ sì dán ráàmù wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe àdàkọ kankan lórí kọ̀ǹpútà tí ráàmù rẹ̀ ń purọ́. Ẹ gbé dísìkì náà lọ sára òmíràn.

Ní ti eré, dd if=/dev/zero (àṣẹ tí wọ́n fi ń wọn bí dísìkì ṣe ń yára kọ nǹkan) láìfi nǹkan kan kún un ń wọn ráàmù, kì í wọn dísìkì. Bí háàdì dísìkì tó ń yí bá fi 2 GB/s hàn yín, irọ́ ni; bíi 100 sí 200 MB/s ló yẹ. Ẹ fi conv=fdatasync kún un, fáìlì sì ni kí of= (ibi tó ń kọ sí) tọ́ka sí, kì í ṣe /dev/sda. Tó bá jẹ́ ojoojúmọ́ ló ń falẹ̀, ẹ tẹ iostat -x 1 kí ẹ wo r_await àti w_await. Bí wọ́n bá ń wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílísẹ́kọ́ńdì nígbà tí iṣẹ́ kò pọ̀, dísìkì tàbí ọ̀nà rẹ̀ ní àrùn. Àmọ́ bí si àti so (ohun tó ń ti dísìkì wọ ráàmù àti èyí tó ń ti ráàmù jáde sí dísìkì) nínú vmstat 1 kò bá kúrò lókè 0, ráàmù ló kéré. SSD (dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí) tó ti fẹ́ẹ̀ kún náà máa ń falẹ̀: ẹ dín ẹrù rẹ̀ kù, kí ẹ ṣe sudo fstrim -av.

Ẹ má pààrọ̀ wáyà, ráàmù àti BIOS lọ́jọ́ kan náà. Ẹ yí ẹyọ kan padà, ẹ kọ ọjọ́ àti iye 5, 197 àti 199 sílẹ̀, kí ẹ tún wò ó lọ́la. Bí 197 bá ti lé sí i láàárín òru kan ṣoṣo, ẹ ṣe àdàkọ lálẹ́ ọjọ́ náà.