Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́ kí iléèwé tó wọlé lóṣù Kẹsàn-án

Mo máa ń mọ̀ pé ọlidé ti ń lọ sópin nígbà tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ n'Ìbàdàn lẹ́yìn tó ti dá díẹ̀ lóṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ ti jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ti wo tẹlifíṣọ̀n yó. Aago mọ́kànlá òru ni wọ́n ń sùn, oòrùn á sì ti mú dáadáa kí wọ́n tó lajú. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé wa. Lọ́dún yìí, àkọ́bí ń wọ JSS1, èkejì ń lọ sí pírámárì 5, àbíkẹ́yìn ń lọ sí pírámárì 2. Ṣọ́ọ̀bù ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́, bàbá wọn náà kì í tètè dé. Bí a bá fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ariwo ló máa ń dà: ọmọ ń sunkún, owó ti tán, télọ̀ ò gbé fóònù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ tí iléèwé máa wọlé. Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó tó. Inú ilé yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má tíì dé ọjà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba ọjà lọ á ra ohun tó ti ní, á sì gbàgbé èyí tí kò ní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kù: ẹ tú ẹrù sílẹ̀

Ẹ mú Sátidé kan. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kó báàgì, aṣọ iléèwé, bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti gbogbo ìwé rẹ̀ wá sí pálọ̀, kí wọ́n dà á sílẹ̀ lójú yín. Nínú báàgì àbíkẹ́yìn mi lọ́dún tó kọjá, mo rí ṣíbí mẹ́ta tí mo ti wá títí, bisikíìtì tí èèrà ti jẹ dé ìdajì, àti ìwé kan tí tíṣà rẹ̀ kọ sí wa lóṣù Kẹfà pé ó dà bíi pé ọmọ náà kì í rí ohun tí òun ń kọ sójú pátákó. Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́jọ tí ìwé yẹn ti wà nísàlẹ̀ báàgì. A gbé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ojú kí iléèwé tó wọlé, ó sì ń lo awò báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbogbo bébà tó bá jáde níbẹ̀, títí kan èyí tó ti rún.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wọ aṣọ iléèwé sọ́rùn kí ẹ fojú ara yín rí i. Ẹ wo èjìká, ẹ wo ìbàdí, ẹ ní kí ọmọ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó fẹ́ nu pátákó. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ aṣọ tó fẹ́ ya. Ẹ wá pín gbogbo ẹrù náà: èyí tó ṣì dáa, èyí tó fẹ́ àtúnṣe, èyí tí àbúrò lè gbà, èyí tí ẹ ó fún ọmọ aládùúgbò. Ohun tí ẹ bá wá tí ẹ ò rí nínú èyí tó dáa àti èyí tó ṣeé tún ṣe nìkan ni kí ẹ kọ sílẹ̀ láti rà.

Ìwé tí wọn ò kọ tán, ẹ má sọ ọ́ nù. Ẹ fa ojú ewé tó mọ́ yọ, ẹ tò ó pọ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ ńlá àti òwú tó nípọn rán ìdí rẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Òun ni tiwa fi ń ṣe ìṣirò nílé títí di Kérésì.

Owó, kí ó tó di ìjà

Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní pírámárì nílẹ̀ wa ní 1955, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004 sì ní kí ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ títí dé JSS3 níléèwé ìjọba. Ṣùgbọ́n aṣọ, bàtà, ìwé àti owó ọkọ̀ ò sí nínú ọ̀fẹ́ yẹn, ẹni tí ọmọ rẹ̀ sì wà ní iléèwé aládàáni ní owó iléèwé láti san. Kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n kọ iye tó wà nílẹ̀, kí wọ́n sì pín in: ta ni ó gbé owó iléèwé, ta ni ó gbé aṣọ àti bàtà. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá tọ́ wọn, ẹ ṣì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè rí èyí tó lè dúró di ìparí oṣù.

Èmi máa ń ti oṣù Kìíní tọrọ lọ́wọ́ olórí àjọ wa pé kí wọ́n jẹ́ kí n kó tèmi ní ìparí oṣù Kẹjọ. Ẹni tó wà ní kọpuréétífù náà lè tètè béèrè ẹ̀yáwó kí èrò tó pọ̀.

Bí owó iléèwé ò bá pé, ẹ lọ bá wọn ní ọ́fíìsì kí wọ́n tó wọlé. Ẹ sọ iye tí ẹ lè san lónìí àti ọjọ́ tí ẹ ó san ìyókù, kí ẹ sì gba risíìtì. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dá ọmọ padà sílé lójú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kì í gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Télọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ iléèwé ní ọjà Gbági, ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ sì gbé méjèèjì síta sínú oòrùn kí ẹ tó sanwó. Àwọ̀ búlúù inú ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe búlúù ìta. Ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi mọ́jú, kí ẹ sá a gbẹ, torí aṣọ tó bá máa sún kì, kí ó ti sún kì kí wọ́n tó gé e. Ẹ ní kí télọ̀ ṣẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú dáadáa, ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ẹ lè máa tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ti ń ga.

Ọjọ́ tí ẹ ó dá fún télọ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣíwájú ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ gan-an. Lọ́dún kan, aránṣọ kan gba iṣẹ́ ọmọ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, ọmọbìnrin mi sì fi ṣòkòtò eré ìdárayá lọ síléèwé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ojú ń tì í. Ẹ rán aṣọ méjì méjì bí agbára bá ká a, nítorí òjò oṣù Kẹsàn-án: aṣọ tí ẹ fọ̀ nírọ̀lẹ́ kì í gbẹ mọ́jú.

Ọ̀sẹ̀ méjì kù: oorun

Èyí làwọn òbí máa ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń ba àárọ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ní ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò wákàtí 9 sí 12 oorun lójúmọ́, ti ọmọ ọdún 13 sí 18 sì jẹ́ wákàtí 8 sí 10. Bí ọmọ yín yóò bá máa jí ní aago márùn-ún àbọ̀, ó gbọ́dọ̀ ti sùn ní aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́. Ọmọ tó ti ń sùn ní aago mọ́kànlá látìgbà tí wọ́n ti gba ọlidé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lóòjọ́ kan, kò sí ẹgba tó lè nà án sùn.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ máa yọ lójúmọ́. Lóru àkọ́kọ́, aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní ọjọ́ kejì, aago mẹ́wàá àbọ̀. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ ó fi dé mẹ́jọ àbọ̀. Ẹ máa jí wọn ṣíwájú bákan náà láàárọ̀, torí ọmọ tó bá sùn di aago mẹ́sàn-án ò ní rí oorun lálẹ́. Ẹ gba fóònù, kí ẹ pa tẹlifíṣọ̀n ní wákàtí kan kí wọ́n tó sùn. Ní ilé wa, àlọ́ ló gba ipò rẹ̀. Ìyá mi máa ń pè láti Ìsẹ́yìn lórí fóònù, á pàlọ́ kan fún wọn, èmi á gbé fóònù náà sórí ibùsùn láàárín wọn. Kì í tíì parí tí àbíkẹ́yìn á ti sùn.

Nínú ọ̀sẹ̀ yìí kan náà, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ sílẹ̀ kí wọ́n kàwé sókè, kí wọ́n sì kọ ìlà díẹ̀. Ọwọ́ tí kò di bírò mú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà máa ń le. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tó ti lọ lésìnì ọlidé ti ṣe tó.

Ẹ tún dé ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò, kí ẹ béèrè bóyá ó ti tó àkókò láti fún wọn lóògùn aràn.

Ọ̀nà iléèwé tuntun

Ọmọ tó ń wọ JSS1 ń lọ síbi tí kò mọ̀. Ẹ bá a rin ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ̀yin lẹ ó ṣáájú: ẹ fi ibi tí yóò ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá hàn án, iye tó ń san, ibi tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ títì tó yẹ kó ti sọdá. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó ṣáájú, kí ẹ̀yin tẹ̀ lé e láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí mo tẹ̀ lé àkọ́bí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ibi tó yẹ. Ó dúró, ó wò yíká, mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo di ẹnu mi mú. Ó lọ bá ìyá kan tó ń din àkàrà, ó kúnlẹ̀, ó béèrè, ìyá náà sì nawọ́ sí ọ̀nà fún un. Inú mi dùn ju bí ẹni pé kò ṣìnà rárá lọ.

Kí ọmọ mọ nọ́ńbà fóònù yín méjèèjì sórí. Ẹ fi àtẹ́wọ́ kọ́ ọ, nọ́ńbà mẹ́ta mẹ́ta, títí á fi di orin lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan kù: bàtà àti ìwé

Lóṣù Keje ọdún kan, mo rí bàtà dúdú kan tí owó rẹ̀ wálẹ̀, mo rà á pa mọ́ fún èkejì. Nígbà tí iléèwé fi máa wọlé, ẹsẹ̀ ò wọ inú rẹ̀ mọ́. Látìgbà náà, bàtà ni mo máa ń rà kẹ́yìn.

Bí ẹ ò bá lè mú ọmọ lọ sọ́jà, ẹ ṣe bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe: ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ẹ ní kí ọmọ dúró tààrà, kí ẹ fi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gìgísẹ̀ dé orí ìka tó gùn jù, kí ẹ fi ìbú àtàǹpàkò kún un kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa jù láti wọ̀n ọ́n, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ̀n. Ọ̀kan sábà máa ń gùn ju èkejì, èyí tó gùn lẹ ó sì mú. Mo máa ń so òwú pupa mọ́ ti àkọ́bí, dúdú mọ́ ti èkejì, funfun mọ́ ti àbíkẹ́yìn, kí wọ́n má baà dà pọ̀ nínú pọ́ọ̀sì. Lọ́dọ̀ oníbàtà, ẹ ti ìgbálẹ̀ bọ inú bàtà. Bó bá dùbúlẹ̀ láì tẹ̀, ó tó. Ẹ má ra èyí tó tóbi gbàgẹ̀rẹ̀ torí pé "á dàgbà bá a". Ọmọ á máa wọ́ ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ á sì bó.

Ìwé ìkọ̀wé ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá dá owó jọ pẹ̀lú aládùúgbò, kí ẹ rà á ní dọ́sìnì kí ẹ pín in. Ti ìwé kíkà, ẹ dúró gba orúkọ ìwé láti iléèwé ná, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ra àlòkù. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo fi ń bo gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun síta, kí orúkọ lè hàn. Kí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ náà.

Òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn

Irun dídì: Ọjọ́bọ̀ tàbí Ẹtì ni kí ẹ lọ, Sátidé onídìrí ò ní gbọ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá iléèwé ti yan ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ náà, kí ẹ sì sọ fún onídìrí pé kí ó má fa irun iwájú orí le. Ti ọkùnrin, gígẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ìgbà tí iná bá dé ni kí ẹ lo áyọ́ọ̀nù, bó jẹ́ aago méjì òru. Ẹ lọ aṣọ ọjọ́ márààrún pọ̀, ẹ gbé e kọ́. Ní Sátidé, ẹ se ata ìkòkò ńlá kan, kí ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi òróró dín in. Bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í tètè bàjẹ́ bí fíríìjì ò bá rí iná. Láàárọ̀, ìrẹsì tàbí iṣu nìkan ló kù láti sè. Oúnjẹ tí ọmọ yóò gbé dání, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ èyí tó ti mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ìrẹsì àti dòdò tó.

Ní alẹ́ Àìkú, kí báàgì, bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti agbòòrùn ti wà lẹ́nu ọ̀nà kí aago mẹ́jọ tó lù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, bó bá ṣeé ṣe rárá, kí ẹnìkan wà nílé tí oúnjẹ gbígbóná ti wà nílẹ̀. Èmi máa ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago kan lọ́jọ́ yẹn nìkan. Mi ò kì í bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́. Mo máa ń bi wọ́n pé ta ni wọ́n jókòó tì. Lọ́dún tó kọjá, èkejì mi tó ti dákẹ́ látàárọ̀ gbọ́ ìbéèrè yẹn, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò nípa ọmọ tuntun kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tí kò mọ ẹnì kankan. Alẹ́ lé e bá, aago mẹ́jọ àbọ̀ kọjá, mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.