Síkúrù wo ló le jù nínú ìgúnpá tó dá? Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Ẹ má bi mí pé síkúrù wo ló le jù láìsọ egungun tí ẹ wọ̀ ọ́ sí. Káfíńtà Múṣín kankan kò ní bá yín jiyàn lórí èyí. Síkúrù tó mú ìrókò pinpin, ẹ wọ̀ ọ́ sínú afárá tó ti jẹra, ọwọ́ lásán lẹ máa fi fà á yọ. Síkúrù kò ṣẹ́ o, igi ló jọ̀wọ́ rẹ̀. Egungun ọmọ ogún ọdún tó já lórí ọ̀kadà ní Òjúẹlẹ́gba kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú nínú bálùwẹ̀. Síbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á fi egungun ike dán ọ̀nà kan tí a fi ń di egungun wò, á fi egungun òkú dán èkejì, á wá kéde ẹni tó borí.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni fífà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á so egungun tí wọ́n ti dì mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á fà á títí yóò fi já, wọ́n á kọ iye Newton (ìwọ̀n agbára tó já a) sílẹ̀, ó parí. Ta ló ń fa apá rẹ̀ báyẹn? Gbogbo ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde lórí ìjókòó dánfó ni iṣan ẹ̀yìn apá ń fa ṣóńṣó ìgúnpá. Ẹ fi agbára kékeré fà á, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún fà á, nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí ẹ máa wọn àlàfo ojú ibi tó dá. Bó bá ti ya tó 2 mm, ọ̀pọ̀ olùwádìí ti kà á sí pé ìdè náà kùnà, bí irin kankan kò tilẹ̀ ṣẹ́.

Ẹ má sì fi síkúrù nìkan wé síkúrù tó ní wáyà tí a lọ́ bíi 8 lẹ́yìn, kí ẹ wá máa yin síkúrù. Eyín síkúrù nìkan ló ń di èyí àkọ́kọ́ mú. Síkúrù gígùn ń jẹ egungun dáadáa lóòótọ́, àmọ́ egungun ibẹ̀ kò gún bí ọ̀pá. Ó lè ti ojú ibi tó dá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Egungun ìgúnpá tó bá rún wómúwómú, irin pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi dì í. Bí ẹ bá fi wáyà fún un, àwọn èérún á wọnú ara wọn, oríkèé á sì sún kì.

Mo mọ ìyá kan tó ń ta lééṣì ní Bàlógun, tí wọ́n fi wáyà di ìgúnpá rẹ̀. Egungun rẹ̀ jinná, kò sí àlàfo kankan, ṣùgbọ́n kò lè fi ìgúnpá lé tábìlì ìsọ̀ rẹ̀: ẹnu wáyà ń gún un lábẹ́ awọ. Wọ́n padà yọ ọ́.