A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ: ìrírí mi lẹ́nu ìwádìí ojúlé dé ojúlé ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun tí mo ń wá kò nira láti sọ. Nínú àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní àwọn àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn wo ló wà láàyè? Ibo ni wọ́n bí wọn sí, ta ló gbẹ̀bí, abẹ́rẹ́ àjẹsára wo ni wọ́n sì ti gbà? Iṣẹ́ ìwádìí oyè màsítà mi ni. Ìwé ilé ìwòsàn ni mo kọ́kọ́ ṣí, àmọ́ ilé ìwòsàn kò mọ̀ ju ẹni tó wá síbẹ̀ lọ. Obìnrin tó bímọ sílé àgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí kò sí níbẹ̀. Ọmọ tó kú kí ọjọ́ ìkómọ tó pé kò sí nínú ìwé kankan. Ìyá tó bí i nìkan ló mọ̀ pé ó wá sáyé. Bí mo ṣe gba ojúlé lọ nìyẹn.

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí Demographic and Health Surveys, ìwádìí ojúlé dé ojúlé nípa ìbí, ikú àti ìlera tí gbogbo ayé ń pè ní DHS, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 90. UNICEF náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, MICS, ní nǹkan bí ọdún 1995. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe DHS ní Nàìjíríà, ní 1986, kó tó wá di ti gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1990. Ti ọdún 2018 bá obìnrin tó lé ní 41,000 sọ̀rọ̀, àwọn tó wà láàrin ọmọ ọdún 15 sí 49. Ẹnu wọn la ti gbọ́ pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè, 132 ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ti 2023 sí 2024 ní ó ti wálẹ̀ sí 110. Ohun tí àjọ àgbáyé fẹ́ kó tó di ọdún 2030 ni pé kó má ju 25 lọ.

Kí n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, mo ní láti to àwọn ilé. Mo mú àwọn ìpín tí àjọ ìkànìyàn pín ìlú sí, mo yan díẹ̀ nínú wọn, mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri. Agboolé ló gba sùúrù jù. Ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lè já sí ọ̀dọ̀ baálé, àwọn ọmọ rẹ̀ tó ti gbéyàwó, opó kan àti ayálégbé méjì. Òfin tí mo tẹ̀ lé ni pé àwọn tó ń jẹun láti inú ìkòkò kan náà ni mo kà sí ojúlé kan. Mo máa ń béèrè ẹni tó ń se oúnjẹ fún ta, ọ̀rọ̀ á sì yanjú.

Lẹ́yìn náà ni mo fa nọ́ńbà bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa tíkẹ́ẹ̀tì. Ilé tó bá bọ́ sí, òun náà ni. Bí ìyá ilé bá ti lọ Ọjà Jagun, mi ò gbọdọ̀ yà sílé kejì nítorí pé ẹni ibẹ̀ wà nílé. Mo gbọ́dọ̀ padà wá lálẹ́ tàbí ní ọjọ́ mìíràn. Ó ń tánni lókun, àmọ́ mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó wà nílé nìkan la bá sọ̀rọ̀, gbogbo ìyá ọlọ́jà ti jáde kúrò nínú ìṣirò nìyẹn.

Ìbéèrè gbọdọ̀ jẹ́ láàrin èmi àti obìnrin náà nìkan, ìyá ọkọ kì í sì í fẹ́ dìde. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló bá mi yanjú èyí. Á jókòó ti màmá níta, á máa béèrè nípa ilé: omi wo ni ẹ ń mu, irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ni ẹ ní, rédíò, fíríìjì, ewúrẹ́ mélòó. Ìbéèrè gidi ni. Òun la fi ń mọ bí ọwọ́ ilé kan ṣe rí sí òmíràn. Màmá á máa dáhùn pẹ̀lú ìdùnnú, èmi àti ìyàwó á sì ráyè nínú yàrá.

Ibi tó le jù ni kíka ọmọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, èmi sì nìyí tí mo wá kà á. Mi ò béèrè pé "Ọmọ mélòó lẹ bí?" rárá. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó wà nílé: ọkùnrin tó ń bá yín gbé, obìnrin tó ń bá yín gbé, lẹ́yìn náà àwọn tó wà níbòmíràn. Ìgbà tí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀ ni mo tó tọrọ gáfárà: "Ìyá Bọ́lá, ẹ má bínú sí mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ ẹ bí ọmọ kankan tó sunkún tàbí tó mí, kó tiẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, àmọ́ tí kò dúró?" Ẹkún àti èémí yẹn ṣe pàtàkì, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ọmọ tó kú kí wọ́n tó bí i, ọ̀tọ̀ ni èyí tó dé tó sì padà.

Orúkọ náà máa ń ràn mí lọ́wọ́. Obìnrin kan to àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, Ìdòwú ló sì fi ṣe àkọ́kọ́. Mo rọra ní, "Táíwò àti Kẹ́hìndé ńkọ́, mà?" Ó wojú mi fún ìgbà díẹ̀, ó ní wọn ò dúró. Ọmọ méjì ì bá bọ́ sọnù bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí ìbejì ti pọ̀ jù láyé, ìbejì sì máa ń kú ní kékeré ju ọmọ tí a bí ní òun nìkan lọ. Lójú tèmi, ẹni tí kò gbọ́ èdè àti orúkọ ìlú kò yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ orí náà ń fẹ́ àmójútó. Bí ìyá bá ní ọmọ kú ní "ọmọ ọdún kan", mo máa ń béèrè bóyá ó ti ń rá, bóyá ó ti hu eyín, bóyá ó ti rìn. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́wàá, ọmọ tí kò pé ọdún ni; bó bá jẹ́ oṣù mẹ́tàlá, abala mìíràn ló bọ́ sí. Ní ti ọjọ́ ìbí, mo kọ àwọn ohun tí ìlú kò lè gbàgbé sínú ìwé kan: kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, ìgbà tí Ṣọ̀ún Ọládùńní Oyèwùmí wàjà ní ìparí ọdún 2021, ìgbà tí owó náírà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, ìgbà tí Ọba Afọlábí Ọláoyè gorí oyè lọ́dún kan náà. Ìyá tí kò rántí oṣù á rántí pé oyún wà nínú òun nígbà tí ilé ìfowópamọ́ ò rówó san.

Káàdì abẹ́rẹ́ kò gba àkókò: níbi tó bá wà, mo da ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ kọ, níbi tí kò sí, mo wo àpá BCG, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lápá òsì, mo sì béèrè nípa èyí tí wọ́n ń kán sẹ́nu àti èyí tí wọ́n ń gún sí itan.

Ẹni tó ń darí iṣẹ́ mi fẹ́ kí n wọn ikú àwọn aboyún náà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká yọ ọ́. Òkú kò lè dáhùn ìbéèrè, nítorí náà ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ: nínú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín obìnrin, àwọn wo ló ti kú, ṣé nínú oyún ni, lórí ìkúnlẹ̀ ni, tàbí láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀? Nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ìyá 512 ló ń kú, bí DHS 2018 ṣe sọ. Pẹ̀lú gbogbo obìnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, wọ́n ṣì ní láti da ọdún méje pọ̀ kí iye náà tó ṣeé gbára lé. Àdúgbò díẹ̀ tí mo dé kò lè gbé e. Ìtọ́jú aboyún àti ẹni tó gbẹ̀bí ni mo béèrè dípò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà gé owó tó ń gbé DHS ró. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí mo ti jókòó níwájú àwọn ìyá tó jẹ́ pé àwa la kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ dúró de owó òkèèrè. Àwọn yunifásítì wa àti ìjọba ìpínlẹ̀ lè ṣe é. Mo ti yọ gbogbo orúkọ kúrò nínú èsì mi, mo sì ti fi ìbéèrè tí mo kọ lédè Yorùbá sílẹ̀ ní ẹ̀ka wa kí ẹlòmíràn lè lò ó. Àwọn abúlé Oríire ni mo fẹ́ lọ báyìí, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọ̀kadà lè wọlé.