Ìbéèrè àti ìdáhùn: nígbà tí kókó aṣọ́bodè bá sá pamọ́ fún kámẹ́rà

Kókó aṣọ́bodè ni kókó lymph (kókó kékeré tó ń sẹ́ omi ara) tí omi láti ojú jẹjẹrẹ kọ́kọ́ ń dé. Oògùn technetium-99m, tó ń tú ìtànṣán tí kámẹ́rà ń rí, la fi ń wá a: a máa ń gún un sí ibi tí jẹjẹrẹ wà.

Melanoma (irú jẹjẹrẹ awọ ara kan) wà ní gìgísẹ̀. Mo ya kòtò itan, n kò rí nǹkan kan. Ṣé oògùn ò rìn ni?

Ẹ yẹ ẹ̀yìn orúnkún wò ná. Láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú síta, omi lè gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ gòkè, kó dúró sí kókó tó wà níbẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀: ẹ ya àwòrán léraléra fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kẹ́ ẹ tẹ̀lé okùn ìmọ́lẹ̀ tí oògùn ń fà lọ títí dé itan. Bẹ́ ẹ bá fi dìgbà tó pẹ́, okùn á ti parẹ́, ẹ ò sì ní mọ kókó tó kọ́kọ́ gbà á. Bí okùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá wọ ẹ̀yìn orúnkún àti kòtò itan, aṣọ́bodè ni méjèèjì. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí o: àtẹ́lẹsẹ̀ ni melanoma ti sábà máa ń mú àwa adúláwọ̀.

Jẹjẹrẹ ọmú sún mọ́ abíyá, ọmú sì tóbi. Ìmọ́lẹ̀ ojú abẹ́rẹ́ bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ fi tépù fa ọmú sí àárín àyà, kí aláìsàn gbé apá sókè, kẹ́ ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́ àti láti igun. Ẹ lè fi òjé bo ojú abẹ́rẹ́, àmọ́ kó má bo abíyá. SPECT/CT (àwòrán oníhà mẹ́ta ti oògùn, tí a pa pọ̀ mọ́ àwòrán CT) ló ń ya kókó sọ́tọ̀ dáadáa.

Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí abíyá yẹn rí; kò sí ohun tó hàn.

Àpá ti dí ọ̀nà, omi á wá ibòmíràn gbà. Ẹ ya abíyá kejì, ẹ̀bá egungun àyà àti ìsàlẹ̀ ọrùn. Ẹ fọwọ́ ra ojú abẹ́rẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́ ẹ tún yà á lẹ́yìn wákàtí 2 sí 4. Bí kò bá tíì hàn, ẹ bá oníṣẹ́ abẹ sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gún òmíràn. Ẹ má kọ ọ́ pé “kò sí kókó”: èyí tí jẹjẹrẹ ti kún inú rẹ̀ lè má gba oògùn mọ́.

Àmì kan tàn níbi tí kò yẹ.

Ó lè jẹ́ oògùn tó kán sílẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ, ẹ nu awọ ara, ẹ tún un yà láti igun mìíràn. Ẹ̀kán oògùn á dín kù tàbí kó bá aṣọ lọ. Kókó ò ní kúrò níbẹ̀.